Ìpè Tí Mo Bá Ogójì Jẹ́

Ìka ni wọ́n fi ń mọ̀ pé mo wá síbi iṣẹ́ nílùú yìí. Ẹ̀rọ kékeré kan wà lára ògiri lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn ọsibítù tí mo ti ń bójú tó jẹnẹrétọ̀ ní Jẹ́dà. Básímà làwọn ará ibí ń pe ẹ̀rọ náà. Màá fi àtàǹpàkò mi tẹ̀ ẹ́, iná aláwọ̀ ewé á tàn, ó parí nìyẹn. Kò sẹ́ni tó pè mí, kò sẹ́ni tó wò mí lójú bóyá mo sùn tàbí mi ò sùn. Lọ́jọ́ mìíràn, iná á ti tàn, èmi á ṣì dúró síwájú ògiri bí òpè, bí ẹni pé ó ku ohun kan tí ẹ̀rọ náà yẹ kó bi mí.

Ṣọ́jà ni mí tẹ́lẹ̀ rí. Ní dípò, ìyẹn ọgbà ńlá lókè Ọya tí wọ́n ti ń sọ ọmọ ọlọ́mọ di ṣọ́jà, wọ́n ń pè wá láàárọ̀, wọ́n ń pè wá nírọ̀lẹ́, ẹni tí wọ́n bá pè á sì fi gbogbo agbára dáhùn pé "Sà!" Kì í ṣe orúkọ ni wọ́n ń pè. Sájẹ́ǹtì tó ń kọ́ wa ní orúkọ àwa Yorùbá gùn ju ìbọn lọ, òun ò sì ní í tìtorí wa dá ahọ́n òun. Nọ́mbà ló ń pè. Ọ̀kàndínlógójì ni mí. Ọmọ Ìwó tó ń sùn lókè mi lórí ibùsùn onípele méjì ni Ogójì. Gẹ̀ẹ́sì ni sájẹ́ǹtì fi ń pe nọ́mbà wa. Àwa méjèèjì la sọ ọ́ di Yorùbá láàárín ara wa, kó lè dà bí orúkọ. Òun gé tèmi kúrú sí Ọ̀kàndín. Títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, mi ò tíì fi orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ pè é rí.

Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí ṣọ́jà àtijọ́ kankan tàn yín pé dípò dùn. Ìyà ni. Wọ́n fá orí wa kodoro. Wọ́n ń jí wa nígbà tí ìrì ṣì wà lórí koríko, a ń sáré títí ẹ̀dọ̀ á fi fẹ́ gba ẹnu jáde, bí a bá sì jókòó sídìí oúnjẹ, ẹlòmíràn nínú wa ò ní í tíì gbé òkèlè kẹta mì tí wọ́n á fi ní ká dìde. Bàtà wa, òwú àti omi àti pólíìṣì la fi ń dán an, roboto, roboto, títí èèyàn á fi rí eyín ara rẹ̀ níbẹ̀. Mo sunkún nínú ilé ìyàgbẹ́ lọ́sẹ̀ kìíní. Nísinsìnyí tí orí mi ti funfun, tí mo ní yàrá tèmi àti ẹ̀rọ amúlétutù tèmi, ìyà ọ̀hún ni mò ń ṣàárò. Bí mo bá sì wò ó dáadáa, ohun tí mò ń ṣàárò níbẹ̀ ò ju ẹyọ kan lọ: bí mi ò bá sí níbẹ̀ láàárọ̀, ẹnì kan á mọ̀.

Ó ku ọ̀sẹ̀ kan ká jáde ni mo ṣe nǹkan ìtìjú kan. Ebi ló fà á. Obìnrin kan máa ń din àkàrà ní ìdájí lẹ́yìn ọgbà dípò, òórùn rẹ̀ á sì gba àárín wáyà wọlé tọ̀ wá wá lórí ibùsùn. Mo yọ́ jáde. Mo rò pé màá tètè padà, àmọ́ fèrè dún ṣáájú àkókò lọ́jọ́ náà, wọ́n sì to àwọn yòókù sórí pápá. Nígbà tí wọ́n pe ọ̀kàndínlógójì, Ogójì mú ohùn rẹ̀ nípọn, ó dáhùn pé "Sà!" Wọ́n pe ogójì, ó fi ohùn ara rẹ̀ dáhùn. Àṣà àwa rikurúùtì ni, a máa ń bá ara wa jẹ́ ìpè bẹ́ẹ̀. Àmọ́ etí sájẹ́ǹtì kì í ṣe etí lásán. Nígbà tí mo yọ́ wọlé padà, tí epo ṣì wà létè mi, òun àti Ogójì ni mo bá tí wọ́n dúró dè mí.

Ohun tó yẹ kó ṣẹlẹ̀ ni pé kí wọ́n dá wa padà sẹ́yìn, ká bá àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé bẹ̀rẹ̀ gbogbo ìyà náà látìbẹ̀rẹ̀. Sájẹ́ǹtì bi Ogójì pé níbo ni mo wà nígbà tó ń bá mi jẹ́ ìpè. Ogójì dúró ṣánṣán, ó ní, "Ó wà lẹ́yìn wáyà lọ́dọ̀ alákàrà, sà. Síńgílẹ́ẹ̀tì funfun ló wọ̀, sà. Á ti jẹ tó mẹ́fà, sà." Ìgbà kan ṣoṣo tí mo rí eyín sájẹ́ǹtì nìyẹn. Ó ní ká máa fò bí ọ̀pọ̀lọ́ yí pápá po lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó sì ń rìn tẹ̀ lé wa títí a fi parí. Ìgbà tí a dojú bolẹ̀ síwájú rẹ̀ ló tó sọ̀rọ̀. Ó ní ìdí tí òun fi dárí jì wá ni pé Ogójì mọ ibi tí mo wà. Ó ní ká sọ pé kò mọ̀, tó kàn jẹ́ ìpè, tí mo sì wà nínú kòtò níbì kan pẹ̀lú ẹsẹ̀ kíkán, kò sẹ́ni tí ì bá wá mi, nítorí ìwé ti ní mo wà lórí pápá.

Bí a ṣe jáde nìyẹn. Mo lè ro ọjọ́ ìjáde náà látìbẹ̀rẹ̀ dópin láìfo nǹkan kan: sítáàsì tó mú kí ṣòkòtò wa dúró bíi pákó, àwọn afunfèrè, ìgbà tí a rọra rìn kọjá níwájú ọ̀gá àgbà tí gbogbo orí yí sọ́tùn-ún lẹ́ẹ̀kan náà, bàtà àìmọye èèyàn tó ń balẹ̀ bíi ti ẹnì kan. Ìyá mi wọkọ̀ láti Ògbómọ̀ṣọ́ wá tòun ti ìkòkò ìrẹsì àti adìyẹ, ó sì fi ọwọ́ òsì kí wa bíi ṣọ́jà. Ẹnikẹ́ni ò wá fún Ogójì. Bàbá rẹ̀ fẹ́ kó di ààfáà, inú bí i pé ìbọn ló lọ gbé. Ìyá mi ní kí àwa méjèèjì kúnlẹ̀, ó gbé ọwọ́ kan lé fìlà mi, ó gbé èkejì lé tirẹ̀, ó sì gba àdúrà kan náà fún wa lórúkọ Jésù. Mùsùlùmí ni Ogójì, ó sì ṣe àmín tó rinlẹ̀ ju tèmi lọ. Lẹ́yìn náà ló jẹ itan adìyẹ méjèèjì.

Iṣẹ́ ọba gbé wa lọ síbi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, títí a fi fẹ̀yìn tì. Ogójì ló kọ́kọ́ wá sí ilẹ̀ yìí. Ó ríṣẹ́ sí òtẹ́ẹ̀lì kan ní Misfalah ní Mẹ́kà, àdúgbò tí àwọn tó wá ṣiṣẹ́ Hájì àti Úmúrà máa ń wọ̀ sí, kò jìnnà sí Haram, mọ́sálásí ńlá ibẹ̀. Lífíìtì ló ń bójú tó níbẹ̀. Nígbà tó gbọ́ pé ọsibítù kan ní Jẹ́dà ń wá ẹni tó mọ jẹnẹrétọ̀, ó pè mí nílé. "Ọ̀kàndín," ó ní, "ṣé o ṣì ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe àbí o ti di àgbẹ̀?" Ìyàwó mi ní kí n máa lọ, òun ò ní fi ṣọ́ọ̀bù òun àti àwọn ọmọ-ọmọ wa sílẹ̀. Mo gba yàrá kan ní Ammariyah, lókè ibi tí wọ́n ti ń tún ẹ̀rọ ìránṣọ ṣe.

Nítorí Ogójì ni mo ṣe wá, mi ò sì lè débi tó wà. Kìrìsìtẹ́nì ni mí, ó wà nínú ìkámà mi, ìwé ìgbélùú tí mo ń mú kiri nínú àpò, ẹni tí kì í ṣe mùsùlùmí kì í sì í wọ Mẹ́kà. Wákàtí kan péré ni mọ́tò máa ń rìn láti Jẹ́dà débẹ̀. Torí náà òun ló máa ń wá bá mi, ní Sátidé tó bá ṣíwọ́ iṣẹ́. A ó jókòó sí ìsọ̀ ará Yemen kan, a ó mu tíì oníwàrà, yóò sì máa ròyìn. Ó ní Àlàájà kan láti Ìṣẹ́yìn kọ̀ jálẹ̀ pé òun ò ní í wọ àpótí tó ń fò, ló bá gun àtẹ̀gùn dé àjà kẹsàn-án, Ogójì sì ru báàgì rẹ̀ tẹ̀ lé e, nítorí obìnrin náà ń pè é ní "Àlàájì, ọmọ mi" ní gbogbo àjà. Orúnkún Ogójì ò bọ̀ sípò mọ́ látọjọ́ náà. Ó máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí ìjọsìn wa ní ọjọ́ Jímọ̀, tí àwa mélòó kan máa ń pé jọ nínú pálọ̀ ẹnì kan, tí a ń fi ohùn jẹ́jẹ́ kọrin. Ó ní a ń kọrin bí ẹni tó ń rẹ ọmọ sùn.

Bí a bá kúrò nídìí tíì, màá sìn ín lọ síbi tó ti máa wọkọ̀. A ò ní í rìn jìnnà tí ẹsẹ̀ wa á fi bọ́ra, òsì pẹ̀lú òsì, ọ̀tún pẹ̀lú ọ̀tún. Bí ẹnì kan nínú wa bá ṣi ẹsẹ̀ gbé, á yára fò díẹ̀ láti tún un ṣe, bí wọ́n ṣe kọ́ wa. Àwọn ọlọ́jà ń wo arúgbó dúdú méjì tó ń ṣe pàréèdì láàárín ìsọ̀ wọn. Mi ò mọ ilé rẹ̀ àfi lójú fóònù: kẹ́tùrù, ẹní ìkírun, bàtà ṣọ́jà rẹ̀ lójú fèrèsé tó kọjú sí òtẹ́ẹ̀lì mìíràn.

Gbogbo ọdún, ní ọjọ́ àyájọ́ ìjáde wa, àwa tó ṣẹ́ kù máa ń pàdé lórí fóònù. Kọ́púrà tó jẹ́ olórí yàrá wa ní dípò, tó ń gbé Abẹ́òkúta báyìí, á máa pe nọ́mbà láti orí ìkíní. Ẹni tó ti kú, a ó dákẹ́ díẹ̀ fún un. Ẹni tó wà láàyè tí kò bá jẹ́, ìyà rẹ̀ ni pé kó fò bí ọ̀pọ̀lọ́ nígbà mẹ́wàá, kí ará ilé rẹ̀ sì ya fídíò rẹ̀ ránṣẹ́ sí gbogbo wa. Ẹ ò tíì rí ẹ̀rín bí ẹ ò bá tíì rí bàbá àgbà tó ń fò bí ọ̀pọ̀lọ́ níwájú àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀. Àmọ́ kì í ṣe ẹ̀rín nìkan. Òfin wa ni pé ẹni tó bá ń gbé nítòsí ẹni tí kò jẹ́ gbọ́dọ̀ lọ wò ó lọ́jọ́ náà gan-an. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe bá ọ̀kan nínú wa nílẹ̀ balùwẹ̀ rẹ̀ ní Òṣogbo, wọ́n gbé e dé ọsibítù, ó sì yè.

Lọ́dún tó kọjá, àyájọ́ náà bọ́ sí Sátidé kan nínú ààwẹ̀. Èmi àti Ogójì ti máa ń jẹ́ ìpè yẹn papọ̀ nínú yàrá mi, lórí fóònù kan ṣoṣo, a ó wọ bàtà wa, a ó sì jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì. Lọ́tẹ̀ yìí ó ní òun ò lè wá. "Má bínú, Ọ̀kàndín, gbogbo ayé ló wà nínú lífíìtì mi. Màá jẹ́ ìpè tèmi níbí." Mo bínú díẹ̀, mi ò ní purọ́. Mo dá dán bàtà mi lálẹ́ ọjọ́ Jímọ̀, ó sì jọ mí lójú pé kò dán tó ti tẹ́lẹ̀.

Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ni fóònù dún. Mo jókòó pẹ̀lú bàtà lẹ́sẹ̀. Mo rí nọ́mbà Ogójì pé ó ti wọlé, inú mi rọ̀. Kọ́púrà bẹ̀rẹ̀. Ó pe àwọn tó ti lọ, a dákẹ́; ó pe àwọn tó kù, wọ́n jẹ́. Ó pè mí, mo jẹ́. Ó pe ogójì. Kò sí ìdáhùn. Mo ń gbọ́ èémí, àti nǹkan tó ń ha ilẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bíi ẹní tí wọ́n ń fà. Mo rò pé ó ti sùn lọ lẹ́yìn sààrì, fóònù ń bẹ láyà rẹ̀. Kọ́púrà tún un pè. Ẹnì kan láti Ìbàdàn rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ọ̀pọ̀lọ́ ti ń dúró dè é."

Mo rántí orúnkún rẹ̀. Ìyẹn ni mo sọ fún ara mi nígbà náà, òótọ́ sì ni, àmọ́ kì í ṣe gbogbo rẹ̀. Mo mọ̀ pé bí kò bá jẹ́, wọ́n á bèèrè pé ta ló wà nítòsí rẹ̀, gbogbo wọn á sì pariwo pé èmi ni. Èmi á wá sọ lójú gbogbo àwọn ọkùnrin yẹn pé èmi ni mo sún mọ́ ọn jù lóòótọ́, mi ò sì lè dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Mi ò fẹ́ sọ ọ́. Mo mú ohùn mi tẹ́ẹ́rẹ́ bíi tirẹ̀, mo dáhùn pé "Sà!"

Àwọn kan rẹ́rìn-ín, bóyá wọ́n mọ̀, bóyá wọn ò mọ̀. Kọ́púrà fa ìlà, ó pe ọ̀kànlélógójì. Inú mi dùn. Mo ní mo ti san oore ọjọ́ àkàrà.

Mo pè é lọ́sàn-án, kò gbé e. Mo kọ̀wé ránṣẹ́ sí i pé orúnkún rẹ̀ jẹ mí ní gbèsè tíì. Kò fèsì. Mo ní iṣẹ́ ló pọ̀ fún un, mo sì tún bínú díẹ̀ sí i, mo lọ fọ aṣọ mi.

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, mo wà nídìí jẹnẹrétọ̀ nígbà tí fóònù rẹ̀ wọlé. Mo gbé e, mo ní, "O ti jí, ọ̀lẹ." Kì í ṣe òun. Ohùn ọ̀dọ́kùnrin ni, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ dákun ẹ má bínú. Ọmọ Ìlọrin ni mí, èmi ni mò ń gba àlejò ní òtẹ́ẹ̀lì wọn. Nọ́mbà yín ni mo rí lókè." Ó ní lífíìtì kan há láàárọ̀ ọjọ́ náà, wọ́n wá Ogójì títí, wọ́n sì já ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀. Wọ́n bá a nílẹ̀ láàárín bẹ́ẹ̀dì àti ẹnu ọ̀nà. Àrùn rọpárọsẹ̀ ni. Ọwọ́ ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ọ̀tún ò ṣiṣẹ́, ahọ́n náà ò ṣiṣẹ́. Dókítà ní ó ti wà bẹ́ẹ̀ láti àárọ̀ àná, pé bí wọ́n bá tètè gbé e dé, ì bá sàn ju báyìí lọ.

Mo bi í pé níbo ni fóònù wà nígbà tí wọ́n bá a.

"Ọwọ́ òsì wọn ni, ẹ̀gbọ́n. Wọ́n dì í mú pinpin. A fẹ́rẹ̀ẹ́ má lè gbà á."

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, sórí epo. Ó ti ṣubú kí aago mẹ́sàn-án tó lù. Ó ti wọ́ dé ìdí fóònù, ó sì fi ọwọ́ kan tó kù gbé ìpè wa, nítorí ó mọ̀ pé bí òun ò bá jẹ́, a máa wá òun. Gbogbo ohun tó ní láti ṣe ni kó dákẹ́. Ó dákẹ́. Ó sì gbọ́ ohùn mi tí mo jẹ́ ìpè fún un.

Mo tọrọ àyè lọ́wọ́ mùdíírì, ìyẹn ọ̀gá wa, mo háyà mọ́tò sójú ọ̀nà Mẹ́kà. Mùsùlùmí kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́, ọmọ Kánò, ti sọ fún mi pé kí n wọ jàlàbíà kí n máa lọ, ta ni yóò bi mí. Mo rò ó jinlẹ̀. Àmọ́ gbogbo ohun tí Ogójì fi ń ṣe mí ní yẹ̀yẹ́, kò fi ìlú yẹn ṣe rí. Ìgbà tó bá ń sọ̀rọ̀ Haram nìkan ni ohùn rẹ̀ máa ń rọ̀. Ibi mímọ́ rẹ̀ ni, ó sì bọ̀wọ̀ fún tèmi. Mo ti gba àárín wáyà kọjá lẹ́ẹ̀kan láyé mi, mi ò ní í gba ibẹ̀ lọ bẹ ọ̀rẹ́ mi wò.

Mo ní kí awakọ̀ dúró nílé epo kan kí a tó dé ibi tí ọ̀nà ti yà, tí ti mùsùlùmí lọ tààrà tí ti àwa yòókù sì yí gba ẹ̀gbẹ́. Oòrùn mú ganrínganrín. Mo pe ọmọ Ìlọrin náà, ó gbé fóònù sí etí Ogójì lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù. Mo ní, "Ogójì." Mo gbọ́ èémí. Èémí tí mo gbọ́ ní Sátidé ni, mo dá a mọ̀ lójú ẹsẹ̀, ó sì yẹ kí n ti dá a mọ̀ nígbà náà. Mo ní, "Èmi ni. Èmi ni mo jẹ́ ìpè. Mi ò mọ ibi tí o wà." Omi ń bọ́ lójú mi, awakọ̀ sì ń bomi sínú mọ́tò rẹ̀ bí ẹni tí kò rí mi. Mi ò dá wà tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Ọ̀nà náà lọ gbọọrọ níwájú mi, mọ́tò ń kọjá lórí rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ mi, èmi sì padà sí Jẹ́dà.

Mo sọ fún àwọn ẹgbẹ́ wa. Mo lè ti dákẹ́, kò sẹ́ni tí ì bá mọ̀, àmọ́ mi ò lè fi ìyẹn kún un. Kọ́púrà ò pariwo. Ó kàn bi mí pé, "Ṣé o mọ ibi tó wà nígbà tí o bá a jẹ́?" Mo ní, "Mi ò mọ̀, sà." Ó ti pẹ́ tí kì í ti í ṣe ọ̀gá mi mọ́.

Lẹ́yìn ọdún iléyá ni wọ́n dá Ogójì padà sílé. Ọmọ Ìlọrin náà ló bá a wọ bààlúù, nítorí àkókò ìsinmi rẹ̀ tó. Mo ti wà ní pápákọ̀ òfurufú Jẹ́dà kí wọ́n tó dé. Wọ́n ti í wá lórí àga onítáyà, ó ti gbẹ, ẹnu rẹ̀ wọ́ sápá kan, àmọ́ wọ́n ti fá irùngbọ̀n rẹ̀, wọ́n sì lọ aṣọ rẹ̀. Bàtà ṣọ́jà rẹ̀ wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ọmọ Ìlọrin ní ó fi ọwọ́ tọ́ka sí i títí wọ́n fi wọ̀ ọ́ fún un. Kò dán. Mo yọ aṣọ ìnujú mi, mo kúnlẹ̀ sílẹ̀ láàárín èrò, mo sì ń nu ún, roboto, roboto. Mo gbé gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ wá láti ilé. Mo ṣáà ń nu bàtà.

Obìnrin kan dé pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́, ó ń pe àwọn tó wà lórí àga, kí wọ́n máa tì wọ́n wọlé níkọ̀ọ̀kan. Ó pe orúkọ Ogójì, orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́. Ẹnikẹ́ni ò dáhùn. Ó tún un pè. Mo gbé orí sókè, ẹnu mi sì ti là láti bá a dáhùn.

Ogójì fi ọwọ́ òsì bò mí lẹ́nu.

Ọwọ́ náà gbóná, ó sì lágbára. Kò mú un kúrò. Ó fa ẹ̀yìn rẹ̀ sókè kúrò lára àga, ó na ọrùn, ó kọjú síwájú bí ẹni tó wà lórí pápá, ojú rẹ̀ pọ́n. Ó gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan, kò jáde. Ó tún gbìyànjú. Ohùn kan jáde, kò ní "s" nínú, ó kàn jẹ́ "Àà" tó gbọ̀n, àmọ́ ó ròkè tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn èèyàn fi wẹ̀yìn. Obìnrin náà fi bírò fa ìlà sórí ìwé. Ìgbà náà ni Ogójì tó gbé ọwọ́ kúrò lẹ́nu mi, ó sì gbé e lé orí mi, bí ìyá mi ṣe ṣe lọ́jọ́ ìjáde. Wọ́n tì í wọlé. Kò wẹ̀yìn, wọ́n ti kọ́ wa pé a kì í wẹ̀yìn.

Kọ́púrà ti ṣe òfin tuntun fún wa báyìí. Ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ bá ẹnikẹ́ni jẹ́ ìpè mọ́, kálukú sì gbọ́dọ̀ kọ nọ́mbà fóònù ẹnì kan ránṣẹ́, ẹni tí wọ́n á pè bí òun ò bá jẹ́. Èmi ni mo gbẹ̀yìn láti kọ tèmi. Mo ro mùdíírì, kò mọ ilé mi. Mo ro àwọn tí a jọ ń kọrin ní Jímọ̀, ìwé iṣẹ́ wọn ń tán, wọ́n ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo ro ìyàwó mi, mi ò fẹ́ kó jẹ́ òun ni wọ́n máa kọ́kọ́ dá níjì. Kọ́púrà pè mí lẹ́ẹ̀mejì pé tèmi nìkan ló kù.

Nọ́mbà Ogójì ní Ìwó ni mo kọ ránṣẹ́ sí i. Kọ́púrà pè mí padà lójú ẹsẹ̀. Ó ní, "Ọ̀kàndínlógójì, ṣé o gbàgbé pé kò lè sọ̀rọ̀ ni?" Mo ní mi ò gbàgbé, sà, àmọ́ ó máa mọ̀ bí mi ò bá jẹ́, kó ṣáà jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀.